Ibòji Abẹ́ Ògiri

Bí èèyàn púpọ̀ bá jọ wọ yàrá kan, tí èèpo ọsàn kan ṣoṣo sì wà nílẹ̀ yàrá náà, Ọ̀gá Ẹ-Ṣọ́ra ni yóò tẹ̀ ẹ́. Ọ̀tá rẹ̀ kọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀ o. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́, tí yóò sì na orúnkún síta kí ẹ lè fojú ara yín rí àpá tó wà níbẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n wá gbé fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ láyé ni pé kí ó máa kìlọ̀ fún àwọn ẹlòmíì kí wọ́n má baà ṣubú. Ẹni tó gbà á síṣẹ́ kò sí nítòsí nígbà tó kọsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì lọ́jọ́ tó wá tọrọ iṣẹ́ náà.

Olùbẹ̀wò ibi ìwakùsà ni. Àwọn kòtò ńláńlá tí wọ́n ti ń wa òkúta wẹ́wẹ́ tí àwọn kọ́lékọ́lé fi ń po kọnkéré ni wọ́n máa ń rán an lọ. Yóò wò ó bóyá ògiri kòtò dà gẹ̀rẹ́ àbí ó nàró ṣánṣán bí ilẹ̀kùn. Yóò wò ó bóyá wọ́n ṣe ọgbà yí adágún omi ìsàlẹ̀ ká, àti bóyá katapílà ń fọn fèrè bó bá ń fi ẹ̀yìn rìn. Èyí tí kò bá dára, yóò sọ fún wọn, yóò sì fún wọn láyè kí wọ́n tún un ṣe, lẹ́yìn náà ni yóò padà wá wò ó. Àbẹ̀wò kejì yìí ni gbogbo oníkòtò ń bẹ̀rù, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu ni ti àkọ́kọ́, àgádágodo ni ti èkejì.

Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù àbẹ̀wò kejì Ọ̀gá Ẹ-Ṣọ́ra. Látọjọ́ tó ti dé ẹnu iṣẹ́ náà, kò tíì ti ibì kankan pa rí. Bí oníkòtò bá ti fajú ro, tó ní "Ọ̀gá, ẹ ṣàánú wa," inú Ọ̀gá á ti yọ́. Ṣéènì àti àgádágodo tí ọ́fíìsì fún un, ẹ̀yìn mọ́tò ọ́fíìsì rẹ̀ tí kì í tì dáadáa ló fi ń dè. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa ní òun nìkan ni olùbẹ̀wò tó ti mọ́tò ara rẹ̀ pa. Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, torí kò sí irọ́ níbẹ̀.

Orúkọ tí wọ́n ń pè é yẹn, ẹnu ara rẹ̀ ló fi wá a. Kò lè sọ gbólóhùn kan kó má fi "ẹ ṣọ́ra" kún un. "Ẹ káàárọ̀, ẹ ṣọ́ra." "Ẹ bá mi gbé àga yẹn, ẹ ṣọ́ra." Lọ́jọ́ kan, ó kọ ọ́ sára pátákó kékeré, ó kàn án mọ́ ògiri lókè àtẹ̀gùn ilé rẹ̀: Ẹ ṣọ́ra, àtẹ̀gùn yìí ń yọ̀. Ó wá ń fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ kó lè wò ó bóyá pátákó náà gún. Pátákó gún lóòótọ́. Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni Ọ̀gá ti bá ara rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tó ń gbé ọmọ àti garawa omi gun àtẹ̀gùn yẹn látọjọ́ tí wọ́n ti kó débẹ̀, kò tíì yọ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó kàn wò ó látòkè, ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi, pátákó yẹn mà gún o."

Irú ẹni tí à ń wí nìyẹn. Ẹ wá gbọ́ bó ṣe ti kòtò kan pa.

Ìrọ̀lẹ́ kan, tó ku ọ̀la kó lọ ṣe àbẹ̀wò kejì ní kòtò obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Olókùúta, àbúrò rẹ̀ obìnrin wá sílé. Àbúrò kan ṣoṣo tó ní láyé nìyẹn. Ọ̀gá ló tọ́ ọ lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Òun ló ń di irun fún un kó tó lọ sílé ẹ̀kọ́, irun wíwọ́ tí gbogbo kíláàsì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, àbúrò ò sì jẹ́ kí ẹlòmíì bá òun di í. Ọkọ àbúrò yìí ló ń wa katapílà fún Ìyá Olókùúta. Ọkùnrin náà ti jókòó sílé láìníṣẹ́ títí tó fi dá ìró bàtà gbogbo aládùúgbò mọ̀. Ìgbà tó rí iṣẹ́ kòtò yìí ni ẹ̀rín tó padà sẹ́nu ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," àbúrò ní, "mo gbọ́ pé ibi iṣẹ́ bàbá ọmọ mi lẹ ń lọ lọ́la."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Òun náà ni. Ó ní tẹ́ ẹ bá tì í pa, òun ò mọ ibi tóun á gbójú sí mọ́. Mi ò ní kẹ́ ẹ purọ́ o. Ẹ ṣáà fojú àánú wò ó fún wa."

"Iṣẹ́ ìjọba ni, àbúrò mi. Kò sí ẹbí níbẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà le, àmọ́ ohùn tó fi sọ ọ́ kò léegun.

"Mo mọ̀. Àmọ́ ẹbí wà níbí." Ó fi ọwọ́ lu àyà ara rẹ̀.

Ọ̀gá ní kó máa lọ, kó lọ sùn, ohun tó dára ni yóò ṣẹlẹ̀. Kí àbúrò tó dé ẹnu géètì ni Ọ̀gá ti mọ̀ pé òun ti ṣe ìlérí.

Ohun tó tọ́ kò farasin. Bí ẹbí olùbẹ̀wò bá wà níbi iṣẹ́ kan, ọ́fíìsì ló yẹ kó sọ fún, kí wọ́n rán ẹlòmíì lọ. Ọ̀gá mọ òfin yìí. Ó tiẹ̀ ti fi kọ́ àwọn tuntun rí. Àmọ́ ó mọ ẹni tí wọ́n máa rán, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí kì í kí èèyàn tán kó tó yọ àgádágodo. Ó wá ní òun á fọgbọ́n ṣe é. Ó pe ọkọ àbúrò rẹ̀ lórí fóònù.

"Tí mo bá dé lọ́la, o ò mọ̀ mí, èmi náà ò mọ̀ ẹ́. Ṣó o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò mọ̀ yín."

"Ó dáa. Kí àbúrò mi náà má ṣèyọnu mọ́."

"Ẹ ṣé gan-an, Ẹ̀gbọ́n tí mi ò mọ̀."

Mo gbọ́n tán, mo mọ̀ tán ni kò jẹ́ kí agbọ́n lóró bí oyin. Ọ̀gá sùn lálẹ́ ọjọ́ náà bí ẹni tó ti yanjú ọ̀rọ̀.

Òòrùn ọjọ́ kejì kò dára rárá. Nígbà tí Ọ̀gá fi dé kòtò, mọ́tò ọ́fíìsì tó gbé wá ti gbóná débi pé èèyàn kò lè fọwọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìjókòó mọ́tò yìí, rọ́bà dúdú ni. Bó bá dúró nínú òòrùn, ẹni tó bá fi ara lé e á fò sókè, Ọ̀gá sì ti fò sókè níbẹ̀ lójú gbogbo ayé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Torí náà, ibòji ló kọ́kọ́ fojú wá. Kò sí igi nínú kòtò. Kò sí òrùlé, àfi ti kọ̀ǹtẹ́nà tí Ìyá Olókùúta fi ṣe ọ́fíìsì, ibòji ìyẹn kò sì tó ewúrẹ́ kan dúró sí. Ibì kan ṣoṣo ló tutù, lábẹ́ ògiri ẹ̀yìn, níbi tí ilẹ̀ ti nàró tó sì ṣíji bo ìsàlẹ̀. Bẹ́ǹṣì gígùn kan wà níbẹ̀, àti dúrọ́ọ̀mù omi mímu. Ọ̀gá rọra ki mọ́tò bọ àárín bẹ́ǹṣì àti ògiri, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, títí gbogbo òrùlé rẹ̀ fi wọ inú ibòji.

Nígbà tó jáde, ó gbójú sókè, ó rí pátákó kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ọ̀dà pupa lórí funfun: Ewu! Ẹ má dúró sábẹ́ ògiri yìí. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún wọn ní àbẹ̀wò àkọ́kọ́ gan-an nìyẹn, wọn ò fi lẹ́tà kan sílẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó tún un kà. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé àwọn èèyàn yìí mà gbọ́ràn o. Lẹ́yìn náà ló ti ilẹ̀kùn mọ́tò, tó fà á wò bóyá ó tì.

Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bọ̀ pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ wọn lọ́wọ́ dúró, wọ́n ń wò ó. Ẹnì kan wo pátákó, ó wo mọ́tò, ó wo ẹnì kejì rẹ̀. Ta ló máa sọ fún olùbẹ̀wò ibi tí kò yẹ kó gbé mọ́tò sí? Wọ́n kí i, "Ọ̀gá, ẹ káàbọ̀," wọ́n sì gbé abọ́ wọn gba ibòmíì lọ.

Ìgbà yẹn gan-an ni ọkọ àbúrò rẹ̀ ń ti orí katapílà sọ̀ kalẹ̀. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Ọkùnrin náà rántí àdéhùn, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kò rántí. Ó ti tẹríba tán fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì lẹ́yìn, kó tó yé e pé òun ò mọ̀ ọ́n. Ló bá kúkú lọ sílẹ̀ pátápátá, ó ń ṣe bí ẹni tó ń so okùn bàtà. Bàtà rọ́bà ló wọ̀. Kò sí okùn níbẹ̀. Ọ̀gá tó yẹ kó gbójú kúrò ti ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ilé ńkọ́?" kó tó gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ.

Ìyá Olókùúta, tó ti jáde wá pàdé àlejò rẹ̀, wo ọ̀tún, ó wo òsì. Obìnrin jẹ́jẹ́ kan báyìí ni, tó ń fi fìlà olétí gbọọrọ ṣíji bo ojú. Kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó kàn ní, "Ọ̀gá wa, ẹ káàbọ̀. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ la ti ṣe."

Ká má purọ́, wọ́n ti ṣe púpọ̀ níbẹ̀. Ọ̀gá fi gbogbo ara ti ọgbà tó yí adágún ká, kó lè mọ̀ bóyá ó lágbára. Ọgbà náà dúró, èyí sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu, torí ó ti ń múra àtilúwẹ̀ẹ́. Ó ní kí katapílà fi ẹ̀yìn rìn. Fèrè tuntun tí wọ́n fi sí i han gooro lẹ́yìn etí rẹ̀, Ọ̀gá fò, inú ọ̀gọ̀dọ̀ ló balẹ̀ sí.

"Fèrè ń ṣiṣẹ́," ó ní. Omi ń jáde nínú bàtà rẹ̀.

Ó wá ku ògiri, òun sì ni ọ̀rọ̀ gan-an. Wọ́n gun òkè kòtò lọ. Apá tó kọjú sí títì, wọ́n ti gé e, ó dà gẹ̀rẹ́ dáadáa, ẹni tó bá ń kọjá nínú ọkọ̀ á yìn wọ́n. Apá ẹ̀yìn ni wọn ò fọwọ́ kàn. Ọ̀gá dúró jìnnà sétí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa di omi bó bá ti dé etí kòtò, àṣírí tí gbogbo ọ́fíìsì mọ̀ nìyẹn, tí òun nìkan rò pé wọn ò mọ̀. Ó lóṣòó, bí ẹni tó ń yẹ iyẹ̀pẹ̀ wò, ó sì ń wọ́ lọ síwájú díẹ̀díẹ̀. Níbi tó wọ́ dé ló ti rí i: ilẹ̀ ti là. Ìlà náà gùn bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, ó sì gba ọwọ́ èèyàn.

Ó mọ ohun tí ìlà yẹn ń sọ. Ká ní ó lè na ọrùn wo ìsàlẹ̀ ni, ì bá tún rí òrùlé mọ́tò rẹ̀. Àmọ́ ọrùn kò nà.

"Ìyẹn ló ṣì kù, Ọ̀gá," Ìyá Olókùúta sọ látẹ̀yìn, jẹ́jẹ́. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa gé e. Kò sẹ́ni tó ń dé abẹ́ ibẹ̀ mọ́. Pátákó tẹ́ ẹ ní ká gbé síbẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i. Wọ́n kọ ọ́ dáadáa." Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ń dún wọnran wọnran ní ìka Ọ̀gá. "Tí kò bá ti sẹ́ni tó ń débẹ̀, ìyẹn náà dáa díẹ̀."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wọ kọ̀ǹtẹ́nà. Obìnrin náà bu omi tútù fún un, ó fún un ní àga tó dára, ó sì jókòó síwájú rẹ̀, ó káwọ́ lé itan. Ọ̀gá tẹ́ ìwé àbẹ̀wò sórí tábìlì, ó yọ bíró. Lórí ọgbà, ó kọ ọ́ pé ó dára. Lórí fèrè, ó kọ ọ́ pé ó dára. Nígbà tó dé orí ògiri, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọ̀gá Ẹ-Ṣọ́ra mọ̀ pé kò dára. Ó mọ̀ pé bí òjò kan bá rọ̀ sínú ìlà yẹn, tàbí kí òòrùn kàn gbẹ ilẹ̀ díẹ̀ sí i, ògiri yóò wá sílẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rín àbúrò rẹ̀ ló ń dún létí rẹ̀, àti ọwọ́ tó fi lu àyà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan ò pẹ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kò sẹ́ni tó ń débẹ̀. Àgbàlagbà ọkùnrin jókòó nínú kọ̀ǹtẹ́nà, ó ń tan ara rẹ̀, ara rẹ̀ sì ń gbà á gbọ́. Ó gbé bíró lé ìwé.

Ariwo tó kọ́kọ́ dún kò pọ̀. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n da ẹ̀wà sínú àwo irin. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ mì, ife omi ṣubú, eruku sì bo ojú fèrèsé pátápátá.

Ọ̀gá sáré jáde. Ó sáré gba orí òkúta àti inú ọ̀gọ̀dọ̀, kò kọsẹ̀ níbì kankan, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn látọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Nígbà tí eruku rọlẹ̀ díẹ̀, kò sí ibòji mọ́. Òkìtì òkúta ló wà níbi tí ibòji wà, igun pátákó yọ jáde lára rẹ̀, ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì kan náà yọ jáde. Ìgbà tó rí ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì ni gbogbo rẹ̀ tó yé e. Bẹ́ǹṣì! Omi mímu! Abọ́ oúnjẹ! Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun lójoojúmọ́.

"Ọkọ àbúrò mi!" ó kígbe. Ó ti kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lásán wú òkúta. "Ọkọ àbúrò mi dà? Áà, mo gbé! Kí ni màá sọ fún un? Ẹ gbà mí o, kí ni màá sọ fún àbúrò mi?"

Èékánná rẹ̀ ti ń ṣẹ̀jẹ̀, kò mọ̀. Ìyá Olókùúta dúró lẹ́yìn rẹ̀, fìlà ti ṣí kúrò lórí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí.

"Ẹ̀gbọ́n," ohùn kan sọ látẹ̀yìn. "Ẹ̀gbọ́n, ibí la wà."

Ó yíjú. Ọkọ àbúrò rẹ̀ dúró gbagidi, abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́, eruku bò ó títí dé ìpéǹpéjú. Àwọn yòókù wà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn. Òdìkejì katapílà ni wọ́n jókòó sí, nínú òòrùn gangan.

"Ẹ ò sí lábẹ́ ẹ̀?"

"Báwo la ṣe máa wà lábẹ́ ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n? Mọ́tò yín ti gba àyè wa."

Ọ̀gá jókòó sórí òkúta. Ó fẹ́ sunkún, ẹ̀rín ló jáde. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún dé. Gbogbo ọdún tó ti fi ń kọ pátákó, tó ń kìlọ̀, tó ń wọn ilẹ̀, kò mọ ẹnì kan pàtó tó lè nawọ́ sí pé òun gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ọjọ́ tó wá gba ẹ̀mí là nígbẹ̀yìn, òfin ara rẹ̀ ló rú kó tó rí i ṣe.

"Pátákó ńkọ́?" ó bi wọ́n nígbà tí ohùn rẹ̀ padà. "Ṣé ẹ ò rí pátákó tẹ́ ẹ fi ń jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́?"

"A rí i," ọkọ àbúrò rẹ̀ dáhùn. "Àmọ́ òòrùn ò mọ̀wé kà, Ẹ̀gbọ́n. Kò síbòmíì tó tutù. Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ mọ̀wé, ẹ wo ibi tẹ́ ẹ gbé mọ́tò sí."

Ní àbẹ̀wò àkọ́kọ́, Ọ̀gá ti sọ ibi tí wọn kò gbọdọ̀ jókòó sí. Kò bi wọ́n ní ibi tí wọ́n máa jókòó sí.

Ó dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára ṣòkòtò, ó kọjú sí Ìyá Olókùúta. "Màmá, mo ti ibí pa. Láti ìsinsìnyí. Ẹ forí jì mí."

"Ọ̀gá, ẹ̀yin náà lẹ gbé mọ́tò síbẹ̀ o," obìnrin náà ní. Ohùn rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́jẹ́ mọ́. "Ẹ̀yin náà lẹ sì ní ẹbí níbí tẹ́ ẹ ò sọ."

"Òótọ́ ni. Ẹ máa sọ ọ́ fún ọ́fíìsì, èmi náà á sọ ọ́. Mo ṣì ti ibí pa."

Ọ̀rọ̀ ńlá tó sọ yìí, ó ku kó fi iṣẹ́ tì í lẹ́yìn. Ó nawọ́ sẹ́yìn kó yọ àgádágodo. Àgádágodo wà lẹ́yìn mọ́tò, mọ́tò sì wà lábẹ́ òkúta. Olùbẹ̀wò tí kò ti ibì kankan pa rí, ọjọ́ tó fẹ́ tì í gan-an ni kò ní ohun tó máa fi tì í. Ó lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó na apá méjèèjì, ọkọ̀ akẹ́rù kankan kò wọlé, ọ̀kankan kò jáde. Ó dúró síbẹ̀ nínú òòrùn títí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi dé pẹ̀lú ṣéènì. Nígbà tí ìyẹn bi í pé mọ́tò ọ́fíìsì dà, ó nawọ́ sí òkìtì. Ẹlẹgbẹ́ wò ó títí, ó ní, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Wọ́n á kúkú ra tuntun." Wọn ò ra tuntun. Bọ́ọ̀sì ni Ọ̀gá ń wọ̀ dòní, nítorí mọ́tò tó bàjẹ́ àti nítorí ẹbí tí kò sọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àbúrò dé. Ó ti gbọ́ pé wọ́n ti kòtò pa, kò sì tíì délé rí ọkọ. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí àga, ẹsẹ̀ nílẹ̀, bàtà rẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀, èékánná rẹ̀ wà nínú aṣọ funfun tí ìyàwó rẹ̀ fi dì í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣèlérí fún mi."

"Jókòó."

Ó sọ ọ́ fún un látòkè délẹ̀: ìlà tó wà lókè kòtò, bẹ́ǹṣì, mọ́tò, abọ́ oúnjẹ. Àbúrò gbọ́ ọ láìmí.

"Ká ní ẹ ò gbé mọ́tò síbẹ̀ ńkọ́," ó bi í nígbẹ̀yìn, "ṣé ẹ̀ bá kọ ọ́ pé ó dára?"

Ọ̀gá lè purọ́ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó kú, ta ni ì bá mọ̀?

"Bíró ti wà lórí ìwé," ó ní. "Nítorí tìrẹ."

Àbúrò bú sẹ́kún. Ó sunkún dáadáa, bó ṣe ń sunkún nígbà tí wọ́n bá fi irun rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tú okùn bàtà rẹ̀, torí ọwọ́ tí wọ́n dì kò lè tú u. Ó da òkúta wẹ́wẹ́ inú bàtà náà sí ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì dì í mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "mi ò tún ní bẹ̀ yín bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé."

Kòtò wà ní títì pẹ́ díẹ̀, ọkọ àbúrò sì tún jókòó sílé, ó tún ń ka ìró bàtà aládùúgbò. Kò sẹ́ni tó ráhùn. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ẹlòmíì ló ṣe àbẹ̀wò rẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n kàn ní kí Ọ̀gá wá gba nọ́ńbà mọ́tò tí wọ́n wú jáde. Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ.

Ògiri ẹ̀yìn ti dà gẹ̀rẹ́. Jìnnà sí i, nítòsí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ti kọ́ àtíbàbà kan tó ní òrùlé gidi, wọ́n to bẹ́ǹṣì sábẹ́ rẹ̀, wọ́n gbé dúrọ́ọ̀mù omi tuntun síbẹ̀. Ọ̀gá ṣì ń wò ó nígbà tí katapílà dákẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán. Ọkọ àbúrò rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó rìn wá, ó dúró níwájú rẹ̀ lójú Ìyá Olókùúta àti lójú gbogbo òṣìṣẹ́, ó sì tẹríba tán pátápátá. Kò wá okùn bàtà kankan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀. Gbogbo ilé ń kí yín."

"O ṣé," Ọ̀gá ní.

"Ṣé ẹ ti rí pátákó wa?"

Ó gbójú sókè. Wọ́n ti kàn án mọ́ iwájú àtíbàbà, ọ̀dà pupa lórí funfun, ọwọ́ kan náà ló kọ ọ́: Ibòji wà níbí. Mọ́tò Ọ̀gá náà láyè. Àwọn òṣìṣẹ́ ti ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn abọ́ wọn. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Pátákó náà wọ́ díẹ̀, ó dà bíi pé apá ọ̀tún rẹ̀ ga jù, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ kó lè wò ó dáadáa, síbi tí dúrọ́ọ̀mù omi wà.

Ọwọ́ kan gbá a mú ní ìgbọ̀nwọ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ọkọ àbúrò rẹ̀ ní, "ẹ ṣọ́ra."